Ẹbu Tí Ẹ Dí Gbẹ̀yìn

Bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pè mí ní Ìyá mi kékeré,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tẹ́ ẹ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí mo bá ti Ìlaró dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Àárọ̀ Sátidé nìyí, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé wa lábúlé, mo jókòó lórí garawa tẹ́ ẹ máa ń dojú rẹ̀ dé fi ṣe ìjókòó. Ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ sí i. Màmá ló ń jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ ó ní òun kọ́.

Mo ní ìròyìn kan fún yín. Kí n tó sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ yín, èmi tí mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan èédú mọ́ láyé, èédú ni mò ń tà ní Ìlaró báyìí. Ó tán. Mo ti sọ ọ́. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ayé ti yí díẹ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n ti bọ́dà. Mo mọ̀ pé ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì ọjọ́ mẹ́ta ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọlọ́kọ̀ á sùn sí Ìdí-Ìrókò mọ́jú, tí wọ́n á sì kọjá lọ́jọ́ kejì. Rárá o. Wọ́n tì í pa ni. Ọkọ̀ ńlá tò sí etí títì títí koríko fi hù lábẹ́ táyà wọn. Ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Wọ́n ní kí ọkọ̀ epo má wọ àwọn ìlú tó súnmọ́ ẹnubodè mọ́, ni kẹrosíìnì bá di ọ̀wọ́n gógó. Ìyá Kétu, oníbàárà yín tó máa ń pè yín ní Patron, ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé wọn, kò lè kọjá wá kó èédú mọ́. Ó rán ọlọ́kadà kan tó mọ ọ̀nà inú igbó sí wa lọ́jọ́ kan, ó fi burẹ́dì gígùn wọn yẹn ránṣẹ́ sí Màmá, ó ní òun kò tètè gbọ́ pé Patron ti lọ. Màmá jẹ burẹ́dì náà, ó ń sunkún, ó sì ń sọ pé ó dùn.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó ṣe àlùwàlá? Kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà yanrìn. Ẹ ó wá gbé ọwọ́ sókè, ẹ ó máa yí i wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Dúdú abẹ́ èékánná yẹn kì í lọ. Ẹ máa ń bẹ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ sì rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n rán aṣọ funfun fún mi, ẹ ò fọwọ́ kàn mí mọ́. Ẹ ó ru àpótí mi dé etí títì, ẹ ó dá ọkọ̀ dúró, ẹ ó wá fi ìgúnpá tì mí wọlé kí ọwọ́ yín má baà kan aṣọ. Ìgúnpá! Àwọn èrò ọkọ̀ á máa wò wá. Nígbà yẹn ó máa ń tì mí lójú. Báyìí, ìgúnpá yẹn ni mo máa ń wá lẹ́yìn mi bí mo bá ń wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, torí mi ò sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà láyé. Mo ti ilé ìwé dé fún ọlidé, olùkọ́ wa sì ti kọ́ wa nípa igbó àti òjò. Mo débi igi ayin ńlá tó wà lẹ́bàá odò, níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, igi tẹ́ ẹ so okùn mọ́ fún mi kí n máa fi fì nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rí i pé ẹ ti fi àdá ṣá àmì sí i lára. Mo mọ ohun tí àmì yẹn túmọ̀ sí: ẹ fẹ́ gé e. Mo sáré wálé. Ẹ̀yin àti àwọn àgbààgbà mẹ́ta jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ ń jẹ obì. Ẹnu mi tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ìyá yín ló ni ín, mo là á. Mo ní ẹ̀yin lẹ̀ ń pa igbó. Mo ní bí òjò kò bá rọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Yewa, kí wọ́n wá bi yín. Mo ní bó bá jẹ́ igi yẹn ni wọ́n máa fi rán mi níwèé, kí wọ́n má rán mi mọ́. Ẹ ò nà mí, ẹ ò bú mi. Ẹ dìde, ẹ bu omi, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àkókò ìrun.

Láti ọjọ́ yẹn mi ò tẹsẹ̀ sí ìdí ẹbu èédú yín mọ́. Ẹ ò sì ní kí n wá. Àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kó igi jọ, tẹ́ ẹ fi ewé tútù àti erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ finá sí i, ẹ ṣì ń ri iṣu kan sí etí òkìtì náà fún mi. Màmá á gbé e wá nínú ewé. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán, mi ò sì kí yín kú iṣẹ́ rí. Ọdún mẹ́rin gbáko, Bàbá. Irú ọmọ wo nìyẹn?

Ikọ́ yín bẹ̀rẹ̀ bí eré. Nígbà tí a gbé yín dé ilé ìwòsàn ní Ayétòrò, dókítà bi yín ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe. Kí ẹ tó dáhùn ó ti rí èékánná yín, ó kàn mi orí. Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ ti dí ẹbu kan, pé tó bá di ọjọ́ kẹrin ẹ ó lọ tú u. Ọjọ́ kẹrin pé, ẹ ò dìde. Ẹbu yẹn wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin eléèédú lẹ ni òfin yín: ẹni tó dí ẹbu ni í tú u, bí kò bá sì sí mọ́, ọmọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti dí tirẹ̀ rí. Èmi nìkan lẹ bí, mi ò sì dí nǹkan kan rí ju ẹnu ìgò lọ. Ni koríko bá gba ibẹ̀.

Màmá ṣe opó rẹ̀ tán, ó padà sídìí gàrí yíyan. Ìgbà ọyẹ́ ni mo wálé, mo ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ikọ́. Mo dúró síbẹ̀, báàgì wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ikọ́ yẹn dáadáa, èyí tó máa ń gùn bí ẹni ń gun òkè, tó sì máa ń parí pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Tiyín ni. Mo wọlé, mo bá a níwájú agbada, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, igi tútù ń rú èéfín lu ojú rẹ̀. Mo ní kó fi gàrí sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi èéfín sílẹ̀ á fi gàrí sílẹ̀, ẹni tó bá fi gàrí sílẹ̀ á fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ní ṣé èmi ni màá máa bọ́ òun ni. Mo padà sí Ìlaró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́kàn: mi ò lè jẹ́ kí èéfín pa ẹ̀yin méjèèjì. Mo gbọ́dọ̀ wá iná tí kò ní èéfín fún ìyá mi.

Ní pólì wa, wọ́n ní kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa jáde láìkọ́ òwò kan. Àwọn kan ń ṣe ọṣẹ, àwọn kan ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà papọ̀. Rẹ̀mí, ọmọ tíṣà kan ní Ajílété, yàrá kan náà la jọ ń gbé. Ohun gbogbo ló máa ń fẹ́ kà nínú ìwé kó tó gbà pé ó wà. Ìkejì ni Sẹ̀nàmí, ọmọ Tube lẹ́bàá ẹnubodè ni, Ègùn ni. Òdìkejì ẹnubodè ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà kí wọ́n tó tì í, kò sì rí nǹkan kan fi ránṣẹ́ sí i mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà le, èmi àti òun bára mu. Kò sí kẹrosíìnì, àwọn ọmọ họ́sítẹ́lì ń mu gàrí láàárọ̀, wọ́n ń mu ún lálẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìlaró, èèpo gòkè bí ilé, ó ń rùn. Mo ní ká sọ ọ́ di èédú, ká má gé igi kankan. Rẹ̀mí yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ní ó wà nínú ìwé kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìwé náà ní ká sun èèpo gbígbẹ àti ṣùkù àgbàdo di dúdú nínú àgbá, ká gún un kúnná, ká fi nǹkan tó ń lẹ̀ pò ó, ká tẹ̀ ẹ́ sínú agolo mílíìkì, ká yọ ọ́, ká sá a. Nǹkan tó ń lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ Yewa mẹ́ta, kí la mọ̀ tó ń lẹ̀ ju láfún lọ? Rẹ̀mí ro láfún odidi ìkòkò kan, èyí tó dáa, tí ènìyàn lè fi ilá jẹ. A dà á mọ́ èédú, Sẹ̀nàmí fi ẹsẹ̀ pò ó. A sá a sórí páànù lẹ́yìn ilé, a lọ sí kíláàsì. Nígbà tí a dé, ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò ti péjọ síbẹ̀ bí ẹni wá jẹ sàráà. Bàbá, ẹ ò rí ewúrẹ́ tó fi èédú kun ètè rí! Òbúkọ kan wà tó kàn ń wò wá, ó ń jẹnu lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àlàájà tó ni mẹ́rin nínú wọn fa ọ̀kan wá pẹ̀lú okùn. Ó ní a ti fún un ní májèlé, ó ní ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Sẹ̀nàmí rọra bi í bóyá funfun ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní ó parí, a ó jìyà lónìí. Àlàájà wo Sẹ̀nàmí, ó wo ewúrẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ló wá kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó ní àwọn wo la jẹ́ tí a ń fi oúnjẹ bọ́ iná. Ó ní ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́, ká bu èyí tó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi náà, pé ó ń lẹ̀, ewúrẹ́ kankan kò sì ní fẹnu kàn án nítorí kíkan. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lẹ̀. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn padà.

A ní ó ti bọ́ sí i. A kó o lọ fún àwọn ọmọ họ́sítẹ́lì pé kí wọ́n dán an wò lórí àdògán ní ìta. Ha! Èéfín ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin gan-an ò dá irú rẹ̀ rí. Ó bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátá. Ọmọbìnrin kan tó ń se ẹ̀wà ní irun òun rùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n sì sọ wá ní Ọmọ Eléèéfín. Rẹ̀mí sunkún. Èmi jókòó síwájú àdògán náà, èéfín rẹ̀ ń lu ojú mi, ojú Màmá ni mo sì ń rí nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ èéfín, òun gan-an ló ń rú èéfín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kì í sun èèpo náà jinná nínú àgbá. Bí a bá tètè dí i, á rú èéfín. Bí a bá pẹ́ jù, eérú la ó bá. Rẹ̀mí ka fóònù rẹ̀ títí, gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí èèyàn wo èéfín. Kó wò ó kó wá rí kí ni? Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ yín. Mo rí yín lórí garawa yìí, orín ayin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, tẹ́ ẹ máa ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí èéfín. Mo rò pé ẹ̀ ń kí i ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi náà máa ń na tèmi, màá ní ẹ kú àárọ̀ o, Èéfín, ẹ ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́. Mi ò bi yín rí pé kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi, ìgbéraga mi ò jẹ́ kí n la ẹnu.

Mo gbé àgbá kékeré kan àti àpò èédú wa tó bàjẹ́, mo wọkọ̀ wálé lọ bá Màmá, ẹni tó ti bá yín ṣọ́ ẹbu rí. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà ti pọ̀ ju ìsọ̀ ẹ̀pà lọ. Níbì kan, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù rí àpò mi, wọ́n ní ìrẹsì ni. Mo ní èédú ni. Ọ̀gá wọn kò gbà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó ń wá ìrẹsì lábẹ́. Nígbà tó fà á yọ, gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń tijú. Mo bu omi fún un, mo ní kó fi yanrìn ha á. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ní eléèédú ni bàbá mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú àlejò láìrẹ ohùn sílẹ̀.

Màmá kò fẹ́ rí àgbá náà sójú. Ó ní èédú ti bá òkú jáde nílé òun. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní nítorí ikọ́ rẹ̀ ni. Ó ní ikọ́ wo. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń yan gàrí rẹ̀, ó ń húkọ́. Ẹ mọ̀ pé mo lágídí. Mo to èèpo sínú àgbá, mo finá sí i níwájú rẹ̀.

Èéfín funfun yọ. Mo gbé ìdérí kí n fi dí i. Láìwẹ̀yìn, ó ní kí n gbé e sílẹ̀, omi ló ṣì ń jáde. Mo gbé e sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó di rúsúrúsú, mo tún gbé ìdérí. Ó ní ta ló rán mi, ṣé mi ò gbóòórùn pé ọ̀dà ló ń yọ ni, àbí pólì ti di mí nímú? Mo ní kó wá ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò wá ibì kankan. Mo kọjú sí àgbá mi. Nígbà tí mo máa yíjú, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gàrí kún ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí èéfín náà bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ó gba ọwọ́ mi, ó nà án síbẹ̀. Ó gbẹ, Bàbá. Kò tutù, kò sì lẹ̀ mọ́ mi lára. Èéfín náà ti fúyẹ́, mo ń rí ògiri wa gba inú rẹ̀. Ó ní ó yá, dí i, dí i kíákíá, kí lò ń wò! A fi erùpẹ̀ dí i, àwa méjèèjì. Gàrí sì jó nínú agbada. Màmá tí kì í jẹ́ kí gàrí jó!

Lọ́jọ́ kejì a tú u. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń dún bí àwo tí wọ́n bá kan ara wọn. Màmá gbé ọ̀kan sọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò yìn mí. Ó wọlé, ó sì gbé ọkọ́ yín jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ti fi ìró rẹ̀ wé e. Ó ní mo ti dí tèmi, ó ku kí n lọ tú tiyín.

Mo pe Rẹ̀mí àti Sẹ̀nàmí kí wọ́n wá bá mi tú u. Ọ̀kadà ló gbé wọn wá. Koríko ti ga lórí ẹbu náà dé àyà mi. Mo ní Bisimilláhì, mo fi ọkọ́ kàn án. Mo ti múra sílẹ̀ fún gẹdú ayin tó tóbi bí itan, bí mo ṣe máa ń rí wọn nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò rí gẹdú kankan. Ẹ̀ka kajú ni, ẹ̀ka ọsàn, tínrín bí ọrùn ọwọ́. Èèsan ẹkùrọ́ wà láàárín wọn. Nígbà tó ṣe, Sẹ̀nàmí mú ohun kan dání, ó ń wò mí. Ṣùkù àgbàdo. Ṣùkù àgbàdo, Bàbá, tó dúdú tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, gbogbo ohun tí a lọ ń kà lórí fóònù.

Mo ní ẹnìkan ti wá tú u, ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Màmá ní kò sẹ́ni tó tú u. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti la ẹnu lé yín lórí níwájú àwọn àgbààgbà, ẹ ò gé igi tútù mọ́. Ẹ máa ń rìn láti oko kajú kan sí òmíràn, ẹ ó máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní ẹ̀ka tí wọ́n bá rẹ́. Ó ní ẹ ní kí òun má sọ fún mi, pé ẹ ò fẹ́ kí orí mi wú. Mo gbójú sókè. Igi ayin ẹ̀bá odò wà níbẹ̀. Ojú àdá yín ti ń jinná lára rẹ̀, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké bí ọmọ ọwọ́.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ni, ǹ bá wá bá yín kó ẹ̀ka. Nǹkan kan sì tún wà tí ń kò fẹ́ bi yín, àmọ́ mo máa bi yín. Ẹ̀ka kì í pọ̀ bí gẹdú. Ẹbu kékeré mẹ́ta lẹ ó dá dípò ńlá kan, ẹ ó sì jókòó ti èéfín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé ẹnu mi ló fi ikọ́ yẹn kún ikọ́ yín? Mo bi Màmá. Ó ní ikọ́ yín ti wà kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ìyá ló ń ṣe ìyá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ fún mi. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dárí jì mí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì dárí jì mí nítorí iṣu tí mo jẹ tí mi ò dúpẹ́.

A ò ta èédú inú ẹbu yẹn. Màmá ló ni ín. Sẹ̀nàmí fi amọ̀ mọ àdògán fún un, ó gbá agbada mú dáadáa, èyí ló sì fi ń yan gàrí. Nígbà tí tiyín bá tán, tiwa á tẹ̀ lé e. Ní Ìlaró, àwọn ọmọ họ́sítẹ́lì ti padà wá, kódà ẹlẹ́wà yẹn. Nígbà tó kan orúkọ, Rẹ̀mí fẹ́ orúkọ òyìnbó gígùn kan. Sẹ̀nàmí ní kí la tún ń wá, pé Èédú Patron ni. Àwọn oníbàárà rò pé a kàn fẹ́ ṣe fáàrí ni. Kò sí àgbá tí a óò dí tí mi ò ní kọ́kọ́ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, bí kò bá sì sí ẹni tó ń wò mí, mo máa ń kí i kú àárọ̀.

Bọ́dà ṣì wà ní títì. Ikọ́ Màmá kò tíì lọ tán, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, tó sì ń yan gàrí níwájú mi níbí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ là. Ó ń kọrin, ó ń ṣi orin náà kọ bó ṣe máa ń ṣi í.

Mo fọ ọwọ́ mi kí n tó mú bírò. Kànrìnkàn yín ni mo lò, mo tún fi yanrìn ha á. Ti abẹ́ èékánná kò lọ. Bẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú létí ìwé yìí, ìka mi ni, ẹ má bínú. Aṣọ tí mo wọ̀ lónìí kì í ṣe funfun, Bàbá. Ẹ lè fi ọwọ́ kàn mí.

Èmi ni,
Ìyá yín kékeré, ọmọ eléèédú.